Ẹ̀kán Tó Ń Wú

Ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun lè wò sàn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹ̀kán omi tí a pò mọ́ sípíríìtì, kí n wọn bó ṣe tóbi tó àti bó ṣe ń gbẹ. Ọkọ mi wà ní yàrá kejì, òun ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ẹ̀kán náà máa ṣe.

Ìṣirò tirẹ̀ ní ẹ̀kán á kàn máa kéré sí i títí á fi tán. Èmi rí i pé ó ń kéré, á tún wú díẹ̀, kó tó wá gbẹ. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, ní bóyá mò ń mí sí i lára. Mo fi aṣọ di imú, ó ṣì wú. Ó ní kí n lọ tọ́jú ojú mi. Ẹni tí a jọ ń sùn, tí a jọ ń jí o.

Ọ̀gá wa wá ní bí tèmi àti ti kọ̀ǹpútà kò bá bára mu kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun á fi ẹlòmíràn sídìí awò. Ọkọ mi ò bá a jiyàn. Nígbà tí a délé, ó ní kí n yọ ibi tó ti wú kúrò nínú àkọsílẹ̀ mi, ká lè sinmi. Ìyẹn dùn mí ju ti ọ̀gá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn ń dun ọkọ mi. Mo da sípíríìtì sí owú, mo fi pa á lẹ́yìn. Ó ta gìrì.

"Ìyá Ìbejì, ó tutù o."

"Ìgò ò tutù, yàrá ò tutù. Kí ló wá dé?"

"Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru ara mi lọ."

"Ṣé ti ẹ̀kán yín kì í gbé ooru lọ ni?"

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó forí lé ibi iṣẹ́. Nínú ìṣirò rẹ̀, bí yàrá ṣe gbóná ni ẹ̀kán ṣe gbóná, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò rò ó pé sípíríìtì tó ń sá lọ á sọ ọ́ di tútù, tí omi inú afẹ́fẹ́ á sì wá lẹ̀ mọ́ ọn, bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìgò omi tútù.

Kó tó di ọ̀sán, ó ti fi títutù yẹn kún ìṣirò rẹ̀, ó wá pè mí wá wo kọ̀ǹpútà. Ìlà tirẹ̀ wálẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó tún wálẹ̀, ó sùn lé tèmi gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ti sáré lọ sọ fún ọ̀gá pé mi ò purọ́.

Mo jókòó, mo bọ́ bàtà mi. Kò sẹ́ni tó máa gba awò lọ́wọ́ mi mọ́, síbẹ̀ mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló gbà gbọ́, kì í ṣe ojú mi.