Orúkọ Aláwọ̀ Eérú

Ó lé ní ọdún kan tí a ti sin ẹ̀gbọ́n mi Ládòkun sí Ìṣẹ́yìn, Màmá wa ní Ogbooro kò sì mọ̀. Àwọn àgbà ẹbí ní arúgbó kì í gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí a sọ fún un pé Kánádà ló lọ. N kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ti àbíkẹ́yìn? Adéwùmí, àkọ́bí wa, tí ohùn rẹ̀ jọ ti Ládòkun, ló ń pe Màmá lórí fóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú.

“Màmá, Ládòkun ni o.”

Màmá á máa rẹ́rìn-ín, á máa ṣàdúrà. Èmi á jáde sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún.

Nígbà tí Màmá fẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, Adéwùmí gbé ìwé ètò ìdúpẹ́ lọ bá Samsudeen atẹ̀wé ní Ṣakí. Samsudeen kì í fọwọ́ yí àwọ̀ lẹ́tà padà. Ó ti kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀: àkòrí á di pupa, orúkọ àwọn ọmọ á di búlúù, orúkọ ẹni tí ó bá sì ti tẹ ìwé ìsìnkú rẹ̀ rí á di aláwọ̀ eérú fúnra rẹ̀. Òun ló tẹ ti Ládòkun. Adéwùmí, ọ̀gá amòye, gba páálí ìwé náà, kò tilẹ̀ tú u wò.

Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìsìnkú wo ni kò lọ rí? Ó mọ̀ pé orúkọ òkú ni wọ́n máa ń kùn léérú nínú ìwé wọn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ìwé náà, ó fọwọ́ kan ojú ibi tí orúkọ wa wà, ó sì bi èmi Àdúrà tí mo jókòó tì í.

“Àdúrà, ta lèyí tí wọ́n kùn léérú?”

“Yíǹkì ló tán, Màmá.”

“Ṣé orí ẹnì kan ṣoṣo ló ti tán?”

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá láti òkè, bó ṣe bí wa. “Adéwùmí. Mojọlá. Ládòkun.” Ìka rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Kò sunkún. Ó ní kí n pe Adéwùmí wá láàárín àwọn àlejò. Adéwùmí wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti agbádá.

“Ẹni tí mò ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ní ọjọọjọ́ Àìkú, ta ni?”

Adéwùmí lanu. “Màmá,” ló wí, ohùn Ládòkun ló sì jáde.

Màmá fọwọ́ bò ó lẹ́nu.