Ilé Epo tí Àbẹ̀kẹ́ Yàn

Délé ọ̀rẹ́ mi, láti òwúrọ̀ ni mo ti fẹ́ sọ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ.

Mo ń wa ọkọ̀, Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi tó ti dolóògbé sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bó ọsàn. Epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Gbogbo ilé epo tí a bá dé ni Àbẹ̀kẹ́ ń ní kí n kọjá. "Mítà tiwọn kì í sòótọ́, Bàbá Tólú. Ẹ máa lọ." Bó ṣe máa ń sọ nìyẹn nígbà ayé rẹ̀.

Lójijì a wà létí òkun, ilé epo kan sì dá dúró nínú iyanrìn. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Ibí dáa."

Ọmọbìnrin tó ń ta epo ní, "Dádì, ẹ pa mọ́tò kí n tó rọ epo sí i." Òfin wọn ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé bí mo bá pa á, Àbẹ̀kẹ́ máa lọ. Mo ní kó má rọ ọ́ mọ́, epo tó kù á gbé wa délé.

Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. "Délé wo? Ọ̀nà yín ṣì jìn."

Ó na ọwọ́ rẹ̀ tó rin fún omi ọsàn, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fúnra rẹ̀, ó pa á.

Ìdákẹ́ mọ́tò náà ló jí mi. Ẹ̀rù kò bà mí. N kò kàn tètè dìde ni.