Fẹ́ǹsì Alága

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fà mọ́ mi dáadáa, kí n bu ìtàn kan fún yín. Gbígbóná ni mo gbé e dé, ẹ má jẹ́ kó tutù.

Lẹ́yìn Ìbeṣè, ní Ìkòròdú, ni àwọn òṣìṣẹ́ olówó-oṣù kan kọ́ ilé sí, nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tolórí tẹlẹ́mù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti wà ní ibùdókọ̀ Benson, wọ́n ń wọkọ̀ lọ sí Èkó. Òṣùpá ló ń sìn wọ́n wálé. Títílọpẹ́ ni alága ẹgbẹ́ onílé wọn. Ó pe ìpàdé pe ìpàdé, àga ló ń bá a ṣe é.

Bẹ́ẹ̀, òjò ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, omi gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ léfòó. Bí wọn kò bá la gọ́tà dé ọ̀sà, ìyá ti ní òun ń padà sábúlé nìyẹn. Ilẹ̀ Alhaji Tìrìmísíyù, àgbà apẹja ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni gọ́tà yóò sì gbà. Ẹgbẹ́ fi lẹ́tà olóǹtẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bàbá fi lẹ́tà náà di ẹja.

Ó wá di Sátidé ìparí oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ọkọ̀ kankan kì í rìn títí aago mẹ́wàá fi lù. Títílọpẹ́ fò dìde. "Lónìí, kò sẹ́ni tó lè sá!" Ó di ìró mọ́dìí, ó gba ilé Alhaji lọ, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gba ilẹ̀ yín kọjá."

"Alága! Ṣé bí o ṣe ń fi òǹtẹ̀ ránṣẹ́ pe bàbá tó bí ọ nìyẹn?"

"Rárá o, sà. A ṣìṣe. Ẹ má bínú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tí o mọ fẹ́ǹsì rẹ sí gan-an ni omi máa ń gbà wá sọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀. Ẹni tí yóò dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Wó tìrẹ, kí n ṣí tèmi."

Títílọpẹ́ padà sílé. Fẹ́ǹsì tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ! Ó rántí ìyá rẹ̀, ó gbé òòlù.

Gbì!

Festus, aládùúgbò rẹ̀, yọjú pẹ̀lú pákò lẹ́nu. "Alága, ṣé ọ̀dà yẹn kò wù yín mọ́ ni?"

"Ìwọ ńkọ́, àbí o ò lápá? Gbé ṣọ́bìrì!"

Ariwo òòlù kó gbogbo onílé jáde. Àwọn tí kò mọ orúkọ ara wọn ń pín ọkọ́ lò. Alhaji ti ṣí ọgbà ọparun rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ń gbẹ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Àfi bí Rọ̀kíbátù, ìyàwó rẹ̀, ṣe pariwo létí ọ̀sà: "Ẹ yára o! Òjò ti ṣú bo apá Ẹ̀jìnrìn!"

Aago mẹ́wàá lù. Ọ̀nà ṣí, Festus sì ní òde ìgbéyàwó lọ. Ó ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ìyàwó rẹ̀. "Máa lọ, kí o bá mi jẹ tèmi!" Kò sẹ́ni tó kúrò.

Òjò dé, wìì! Ó ku ebè kan ṣoṣo tó dí gọ́tà. Títílọpẹ́ sọ ọkọ́ sí i. Omi dúró díẹ̀ bí àlejò tó ń wo ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ó já, ṣàà, ó forí lé ọ̀sà. Ariwo ta! Alhaji ń jó nínú ẹrẹ̀.

"Alága," Festus ké, "a ti ń rí aṣọ yín lórí okùn láti títì o!"

"Ẹ máa wò ó! Yàrá ìyá mi gbẹ!"

Rọ̀kíbátù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ìyá ìyàwó mi níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyá ìyàwó mi ló gbé e fún mi. Ó ti di tiyín báyìí.