Egungun Màmá Marga

Iṣẹ́ pósí gbígbẹ́ ni mò ń ṣe, iṣẹ́ náà sì ti ń kú lọ. Láyé àwọn bàbá wa, a ó la igi óákù sí méjì, a ó gbẹ́ inú rẹ̀, a ó tẹ́ awọ màlúù sí i, a ó sì gbé òkú sí i tòun ti aṣọ àti fìlà rẹ̀. Gbogbo abúlé á wá gé koríko pápá tòun ti gbòǹgbò, wọ́n á máa tò ó lé pósí títí á fi di òkìtì. Ní báyìí, iná ni wọ́n fi ń sun òkú. Ìkòkò tí kò tó orí ọmọdé ni wọ́n ń kó eérú rẹ̀ sí. Wọ́n ní iná ló ń tú ẹ̀mí sílẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn, àmọ́ inú ń bí mi.

Màmá Marga nìkan ló ṣì ń fẹ́ pósí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Tolko ọkọ rẹ̀ ti wà nínú òkìtì létí pápá wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni màmá sì fẹ́ sùn sí, lódindi. Sefa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fàáké kọ́rí.

"Ìyá mi ò ní jẹrà nínú ilẹ̀. Kí ni wọ́n máa pè mí ládùúgbò?"

"Ṣé àdúgbò ló bí ẹ ni? Bàbá rẹ wà níbẹ̀ lódindi, ó ń retí mi. Ta ló ń gbé eérú lọ bá ọkọ?"

Nígbà tí ọmọ ò gbà, màmá ránṣẹ́ pè mí. "Runo, lọ gbẹ́ àyè mi sílẹ̀ báyìí. Tó bá ti rí ihò ńlẹ̀, ẹnu ẹ̀ á wọhò."

Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Mo gbẹ́ ẹ jù, ọkọ́ mi sì fọ́ ìdérí pósí Tolko. Omi dúdú tú jáde. Màmá ti wà lẹ́yìn mi, Sefa dì í lápá mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wò ó.

Fìlà wà níbẹ̀. Aṣọ wà níbẹ̀, ìgbànú ò tiẹ̀ já. Irun pupa rẹ̀ wà nínú fìlà. Mo ti ọwọ́ bọ inú aṣọ, mo wá egungun títí, n ò rí ẹyọ kan. Omi dúdú yẹn ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, aṣọ àti irun nìkan ló dá sí.

Mo rò pé Sefa á ní ṣebí òun ti sọ. Ẹkún ló bú sí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò ó mọ́. A máa sin yín bí ẹ ṣe fẹ́."

Màmá ò sunkún. Ó kọjú sí Sefa. "Ṣé lóòótọ́ ni pé egungun kì í jóná tán?"

"Kì í jóná tán, màmá. Ó máa ń ṣẹ́kù."

"Sun mí nígbà náà. Kó egungun mi sínú aṣọ bàbá rẹ. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú àwa méjèèjì ní egungun."

Màmá kú kí ìgbà òtútù tó dé. Sefa sun ún, ó fọ egungun náà mọ́, ó sì tò ó sínú aṣọ Tolko nínú pósí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àgbárí nínú fìlà, ẹsẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ yẹ kó wà. Àwọn aráàlú ń rẹ́rìn-ín pé ta ló ń sin ẹ̀kúnwọ́ egungun sínú pósí gígùn. Sefa di ìgbànú náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "egungun yín rèé."