Ìbéèrè Bàbá Kògbà

Dákẹ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nílé ẹ̀kọ́ gíga. Akólòlò ni, ó sì ti pẹ́ tó ti rí i pé kí òun pa ẹnu mọ́ sàn ju kí gbogbo ayé máa bá òun parí gbólóhùn lọ. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan ni kì í bá a parí rẹ̀. Bàbá náà á fi ara balẹ̀, á máa wò ó títí ọ̀rọ̀ á fi jáde.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa tẹ́tí sí omi inú páìpù, kó lè sọ ibi tó ti ń jò lábẹ́ títì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ wò. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àpérò àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn yẹn sì gbà á. Ọ̀gá ni ì bá lọ sọ ọ́, àmọ́ kí àpérò tó dé, ikú mú un lọ.

Òfin àpérò náà kò mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ dé orí àbájáde, wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àpérò, bíi pé ẹnikẹ́ni kò ṣe é rí. Iṣẹ́ àṣekẹ́yìn Ọ̀gá sì nìyí. Bí Dákẹ́ ṣe gbéra nìyẹn, ẹni tí kò lọ sí àpérò kankan rí.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ so káàdì orúkọ mọ́ ọrùn, wọ́n gbé kọfí lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo àyà ara wọn kí wọ́n tó wo ojú. Dákẹ́ fara ti ògiri. Ó rí ọkùnrin arúgbó kan tó jókòó níwájú pátápátá, ó sì dá a mọ̀ nítorí ó ti rí àwòrán rẹ̀. Bàbá Kògbà ni Ọ̀gá máa ń pè é, torí pé kò sí ohun tí Ọ̀gá kọ rí tí ọkùnrin yìí kò kọ̀wé ta kò. Òun ló ní ariwo mọ́tò kò ní jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ omi páìpù láéláé.

Nígbà tó kàn án, ó bọ́ síwájú. "Páìpù" gan-an ló há sí i lọ́fun, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀hún kò ní nǹkan mìíràn nínú ju páìpù lọ. Àwọn kan tẹjú mọ́ fóònù wọn, wọ́n rò pé àwọn ń ṣàánú rẹ̀. Kó tó dé orí àbájáde, alága gbé páálí sókè pé àkókò ti tán. Ojú ti Dákẹ́ débi pé kí ilẹ̀ lanu ló kù tó ń fẹ́. Òun ti ba iṣẹ́ Ọ̀gá jẹ́, ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn.

Alága ní ó ti di àsìkò ìbéèrè. Bàbá Kògbà ló kọ́kọ́ nàwọ́. Ó gba máìkì, ó sì rọra dìde.

"Ìbéèrè mi ò le," ó ní. "Kí ló kù tí o fẹ́ sọ kí wọ́n tó dá ẹ dúró?"

Alága fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá náà dá a lóhùn pé ìbéèrè ni òun bi, àsìkò ìbéèrè náà sì ni. Kò jókòó. Ó fi ara balẹ̀, ó ń wo Dákẹ́ bí Ọ̀gá ṣe máa ń wò ó.

Dákẹ́ sọ ọ́. Ó kólòlò, ó tún un mú, kò sì sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀. Ó ní àwọn gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí títì kan tí mọ́tò kì í dá níbẹ̀, ó sì gbọ́ omi náà. Bó ṣe sọ ọ́ dé orí àbájáde nìyẹn.

Bàbá Kògbà mi orí. "Mi ò gbà. Títì kan ṣoṣo ò tó. Ọ̀gá ẹ ni ǹ bá kọ̀wé sí." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ni màá máa kọ ọ́ sí báyìí. Ṣé wàá máa dá mi lóhùn?"

Omijé bọ́ lójú Dákẹ́ níwájú gbogbo wọn, kò sì nù ún.

"Màá... màá máa dá yín lóhùn, sà," ó ní.