Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Ṣe Àmín

Kó, kó, kó. Bí ìyá wọn ṣe máa ń fi ìka kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀ nìyẹn, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní ìlú Atakpamé. Bí Adégbóyè àti Agnès àbúrò rẹ̀ bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á dìde fìrì, wọ́n á wá kúnlẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àdúrà. Ìró yẹn ló ń dún létí Adégbóyè bó ti jókòó ti ẹní ìyá náà ní àdúgbò Hanoukopé, tó ń wo ọwọ́ tí kò lè lé eṣinṣin mọ́.

“Ẹ gba Àdúrà Olúwa fún mi,” ni ìyá wí. “Ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jọ gbà á parí, kí n gbọ́ kí n tó lọ.”

Adégbóyè wo àbúrò rẹ̀. Mẹ́tọ́díìsì ni òun. Bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè Faransé, òun ló ń darí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Agnès ti di Àgùdà látìgbà tó ti fẹ́ Pierre. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ kúnlẹ̀ síbì kan.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn wọ ara wọn, ìyá sì dijú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí a ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó gbà wá lọ́wọ́ bìlísì, Agnès ní, “Àmín,” ó fọwọ́ ṣe àmì àgbélébùú. Adégbóyè ò dúró. “Nítorí ìjọba ni tìrẹ…” Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń dá lọ, bí ẹni tí ẹnìkejì rẹ̀ ti yà sílé.

Ìyá lajú. “Ẹ ò jọ parí ẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni kò mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró,” ni Agnès wí.

“Èmi? Ìwọ lo gé ọ̀rọ̀ mọ́ Jésù lẹ́nu!”

“Fádà ní ẹ̀yin lẹ fi ìrù kún un.”

“Ìrù kẹ̀? O pe ògo Ọlọ́run ní ìrù níwájú Màámi?”

Agnès ti gbé ìborùn rẹ̀. “Bí wọ́n bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé mo bá yín gbàdúrà, Véronique ọmọ mi ò ní gba Ara Olúwa ní Àjíǹde. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún un?” Ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, Adégbóyè tọ pásítọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣé ó burú bí òun bá bá Agnès dúró síbi tó ń dúró sí, lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí aláìsàn? Pásítọ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Bóo bá ti ṣe é, má dúró níwájú ìjọ mi mọ́.” Adégbóyè lọ bá fádà ṣọ́ọ̀ṣì Agnès. Ìyẹn fi Faransé kí i dáadáa, ó ní kó wá di Àgùdà, ọ̀rọ̀ á tán. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ làwọn méjèèjì sọ tiwọn. Kò sẹ́ni tó bú u. Ibẹ̀ gan-an ló ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Nígbà tó máa padà dé, ìyá ò fọhùn mọ́. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, tó tún ń padà sára ọmọkùnrin rẹ̀. Adégbóyè bu omi sí i lẹ́nu, omi náà ṣàn jáde.

Yésúfù, Mùsùlùmí ará Ìlọrin tó ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, tó sì ti gbọ́ nípa ìjà wọn, yà wọlé wá kí aláìsàn kó tó lọ sọ́jà.

“Mesíè Akọ̀wé, ẹ ò tíì parí ìjà Jésù yín?”

“Yésúfù, fi mí sílẹ̀.”

“Mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni. Àbí ẹ ti fi ìkejì pamọ́ fún wa ni?”

Adégbóyè fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Yésúfù sọ ẹrù aṣọ rẹ̀ kalẹ̀.

“Ẹ má bínú. Kí ni kí n bá yín ṣe?”

“Ìsọ̀ Agnès ò jìnnà sí tìẹ.”

“Abẹ́ ìbòji kan náà la wà.”

“Bá mi jíṣẹ́ fún un. Sọ fún un pé Màámi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń gbọ́. Ní kó wá. Ibi tó bá ti ṣe Àmín, ibẹ̀ ni n ó ti ṣe tèmi. Fádà ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bí ìjọ tèmi bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n lé mi. Ní kó má dúró kí ọjà tú o.”