Gbẹ́rẹ́ Àyà Ọmọ́wálé

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, a jó ní Bàrígà. A ní ṣọ́jà ti lọ, ìyà ti tán. Kò pẹ́ tí ìjà àwọn ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ OPC fi bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa, ni ìjọba tí a dìbò fún bá ní kí ọlọ́pàá yìnbọn fún ọmọ OPC tí wọ́n bá rí. Báwo ni ọlọ́pàá yóò ṣe dá wọn mọ̀? Ìyẹn ni ìjọba ò sọ. Ni àwọn ọlọ́pàá tó wà nítòsí wa bá wá ọgbọ́n ti ara wọn. Wọ́n á dá ọ̀dọ́kùnrin dúró, wọ́n á ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n bá ti rí gbẹ́rẹ́ lára rẹ̀, ó di ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn, nítorí wọ́n ní àwọn OPC máa ń sín gbẹ́rẹ́ ayẹta. Gbẹ́rẹ́! Nílẹ̀ Yorùbá! Kí wọ́n kúkú kó gbogbo Bàrígà, kí wọ́n fi Ṣómólú ṣe ènì.

Bí wọ́n ṣe mú àbúrò mi, Ọmọ́wálé, nìyẹn, nígbà tó ń bọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú. Gbẹ́rẹ́ wà láyà rẹ̀ lóòótọ́. Gìrì ló ń gbé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Oògùn òyìnbó ò ràn án, ni bàbá mi bá gbé e lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì di ọwọ́ rẹ̀ mú fúnra wọn títí àgbà kan fi sín in tán. Ìyá mi ló sọ fún wa lábẹ́lẹ̀, nítorí bàbá mi ti di díákónì, kì í sì í ṣe díákónì kékeré. Wọ́n á dúró níwájú ìjọ, wọ́n á ní ẹni tó bá sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ ti ta ọmọ náà fún èṣù, pé abẹ kankan ò kan ọmọ tàwọn rí. Èmi àti Ọmọ́wálé á fi ìwé orin bojú, a ó máa rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi, wọ́n dúró sílé. Èmi ni mo bá bàbá mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá mi ní ká kọ́kọ́ yà mú Pásítọ̀ Mákánjúọlá, pé ọ̀rọ̀ òjíṣẹ́ Ọlọ́run á wọ̀ wọ́n létí.

Àwọn ọmọkùnrin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn káńtà, láìwọ ẹ̀wù. Ọkọ̀ tó fẹ́ kó wọn lọ ti dúró níta. Àwọn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ìyá wọn ṣì ń wá wọn kiri.

Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa. "Ọ̀gá, mo mọ ìdílé yìí. Díákónì wa ni bàbá yìí. Wọ́n ti jẹ́rìí níwájú gbogbo ìjọ pé abẹ ò kan ọmọ àwọn rí."

Ọ̀gá ọlọ́pàá wo àyà Ọmọ́wálé, ó wo pásítọ̀. "Okay. Tí kì í bá ṣe ilé ni wọ́n ti sín in fún un, ṣé ẹ rí i pé ibi ẹgbẹ́ ló ti lọ gbà á? Pásítọ̀, ẹ ti bá mi parí iṣẹ́." Ó yíjú sí Ọmọ́wálé. "Oya, talk. Ta ló sín ẹ?"

Ọmọ́wálé gbójú sókè. Kì í ṣe ọlọ́pàá ló wò, bàbá mi ló wò.

"Mi ò mọ̀, sà."

Ọlọ́pàá kan gbá a létí.

"Mo ní ta ló sín ẹ?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Wọ́n tún gbá a. Mo dúró ti bàbá mi, mo ń retí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n máa sọ. Ẹnu wọn là, ó tún padé. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa wà lọ́jà, pásítọ̀ ló ń wò! Etí ọmọ wọn ń wú, pásítọ̀ ni bàbá mi ń wò. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Mo lè sọ ọ́ fúnra mi, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń tú àṣírí bàbá rẹ̀ níwájú pásítọ̀? Mo fa aṣọ wọn.

"Bàbá mi, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gba aṣọ wọn lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá fa Ọmọ́wálé dìde, tí wọ́n ń tì í lọ sídìí ọkọ̀, ni ohùn bàbá mi tó jáde.

"Èmi ni."

"Ẹ ní kí ni?"

"Èmi ni mo gbé e lọ. Gìrì ló ń gbé e. Èmi ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Ọ̀gá ọlọ́pàá bú sẹ́rìn-ín. "Baba! And you just dey look since?" Ó wá tẹjú mọ́ gbẹ́rẹ́ náà, ó rí i pé àpá àtijọ́ ni, ohun tó yẹ kó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ máa mú ọmọ yín lọ." Àwọn tí bàbá wọn ò sí níbẹ̀, wọ́n kó wọn sọ́kọ̀.

Pásítọ̀ ò tilẹ̀ bínú. "Díákónì, ẹ ò bá ti sọ fún mi," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nígbà tí a délé, ìyá mi dì mọ́ Ọmọ́wálé, wọ́n wá kúnlẹ̀ fún bàbá mi tòun ti ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. "Ẹ ṣé, bàbá Morọ́láyọ̀," ni wọ́n wí, orúkọ tèmi ni wọ́n máa ń fi pe bàbá mi. " Ọlọ́run ò ní gbà yín lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín." Ìgbà tí wọ́n dìde ni wọ́n rí etí Ọmọ́wálé.

"Ta ló ṣe ẹ́ báyìí?"

"Ọlọ́pàá ni, màámi."

"Ṣé kí bàbá yín tó débẹ̀ ni?"

Bàbá mi ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dá ọwọ́ dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ọmọ́wálé wí. "Wọn ò tíì dé nígbà yẹn."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. "Wọn ò jẹ́ dúró níbẹ̀ kí ẹnì kan máa na ọmọ wọn."

Bàbá mi wọ yàrá lọ. Ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà, mo kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé abọ́ náà kalẹ̀ síbẹ̀, mi ò sì tún un kàn.